Ṣóòkù Tí Ó Le: Ìtọ́jú Kéébù Ọkọ̀ Àtijọ́ Ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ọ̀wàrà, ẹni tí ó ní Píjó 504 ní Òkìtìpupa lè máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó má fọwọ́ kan ṣóòkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ooru ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti bá a ṣe iṣẹ́ náà tán kí ó tó jí. Á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á dáhùn, ọkọ̀ á sì gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tàbí ọ̀nà Ìgbọ́kọ̀dá lọ. Ìgbà tí oṣù Ọ̀pẹ bá dé, tí ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ọya, tí àárọ̀ tutù débi pé epo pupa inú ìgò dì, ìgbà náà ni yóò rántí pé ohun kan wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń fà. Ó fà á, kò mira. Ó fi agbára kún un. Bí orí bá bá a ṣe é, ọwọ́ ike rẹ̀ nìkan ni yóò já sí i lọ́wọ́; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wáyà inú rẹ̀ ti ká kò nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ogbó ni. Kì í ṣe ogbó. Ní ìlú olótùútù bí Ìlú Ọba, ìlò àràárọ̀ ló ń ba ṣóòkù jẹ́: wáyà á máa ha awọ tí ó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi jẹ. Ní Òkìtìpupa, àìlò ló ń pa á. Irin tí ó jókòó sójú kan nínú ọ̀rinrin fún oṣù mẹ́jọ kò lè ṣe bí ẹni pé àná ni wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ibẹ̀ sì ni ìtọ́jú ti pín sí méjì. Èyí tí ó jẹ nítorí ìlò, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Èyí tí ó há nítorí àìlò ṣeé gbà là nígbà púpọ̀, bí ẹni tí ó ni ín kò bá tíì fagbára bà á jẹ́.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ àtijọ́ náà mọ ṣóòkù, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà, ti rí òkùnkùn gan-an lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" sì ti di ará ilé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ pé kí òun tó fa okùn rẹ̀, irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún. Bí ó bá ti dún tí ó fìdí múlẹ̀, á sún un padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ á máa sọ èéfín dúdú, á sì kú. Ṣóòkù nìyẹn. Ti ọkọ̀ kò yàtọ̀, àfi pé ẹni tí ń wakọ̀ jókòó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, ó sì nílò wáyà gígùn tí yóò bá a na ọwọ́ débẹ̀.

Epo bẹntiróòlù kì í jó nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ omi. Ó gbọ́dọ̀ di oru, kí oru náà pò mọ́ afẹ́fẹ́, kí iná púlọ́ọ̀gì tó lè ràn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń bá ìwọ̀n epo 1 lọ. Bí ó bá tutù, apá kan epo náà á lẹ̀ mọ́ ara irin tí ó ń gbà kọjá, èyí tí ó dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ á sì kéré jù láti gbaná. Ṣóòkù ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì lè fa epo púpọ̀ sí i, kí ìwọ̀nba tí yóò di oru nínú rẹ̀ lè tó. Ní àárọ̀ ọyẹ́ Òkìtìpupa, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì péré ni ọkọ̀ nílò rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ṣe é. Nínú kabúrétọ̀ Solex tí ó wà lára ọ̀pọ̀ 504, irin pẹlẹbẹ roboto kan wà ní ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá fa ṣóòkù, irin náà á yí, á sì dí ọ̀nà. Morris Minor, ọkọ̀ ayé ìjọba Òyìnbó, ń lo kabúrétọ̀ SU, kò sì ní irin tí ń dí ọ̀nà kankan: ihò tí epo ń gbà jáde ni kéébù ń fà sísàlẹ̀ kí epo lè ya púpọ̀. Volkswagen tí àwọn ènìyàn sọ ní ìjàpá tún yàtọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1961 ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń ní ṣóòkù tí ń dá ṣiṣẹ́, tí iná bátìrì ń mú gbóná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ọwọ́ ṣóòkù káàkiri dáṣíbọ́ọ̀dù irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù.

Ọ̀rọ̀ kéébù tí ó há wá kan 504 jù. Peugeot gbé ọkọ̀ náà jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1968, wọ́n sì fi jẹ ọkọ̀ tí ó tayọ jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Nígbà tí ilé iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní ọdún 1975, kò pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ọkọ̀ ọlọ́pàá àti ọkọ̀ èrò jákèjádò Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Ìkálẹ̀ kò ní gbàgbé wágọ́ọ̀nù oníjòókòó ìlà mẹ́ta tí ń kó èrò lọ sí Èkó, tàbí píkọ́ọ̀pù tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa kún ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tí ó kù kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní in kì í fẹ́ tà á.

Kéébù fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Awọ òde rẹ̀ jẹ́ wáyà tí wọ́n wé mọ́ra bíi sípírìnì, tí wọ́n sì fi rọ́bà bò. Inú rẹ̀ ni wáyà kejì ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ernest Monnington Bowden, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1896. (Àwọn kan máa ń pa á pọ̀ mọ́ Frank Bowden tí ó dá ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Raleigh sílẹ̀. Ẹni ọ̀tọ̀ ni.) Níwọ̀n ìgbà tí awọ òde bá dúró gírí ní orí àti ní ìdí, wáyà inú lè gba kọ̀rọ̀ kọjá kí ó sì ṣiṣẹ́. Wáyà ṣóòkù tún ní ohun kan tí wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ kò ní: ọ̀kan ṣoṣo tí ó le ni, kì í ṣe wáyà wínníwínní tí wọ́n lọ́ pọ̀. Ìdí ni pé bíréèkì ń fà nìkan, ṣùgbọ́n ṣóòkù ń fà, ó sì gbọ́dọ̀ tún ti ohun tí ó fà padà sí àyè rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ojú kì í rí inú rẹ̀, omi tí ó bá sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé kì í tètè jáde. Omi kò wọ́n ní Ìkálẹ̀. Ilẹ̀ igbó ni, òjò rẹ̀ kì í ṣeré, ọkọ̀ tí ń ná ọjà Ìgbọ́kọ̀dá sì tún ń bá afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti ojú òkun pàdé, èyí tí ń mú kí irin yára dípẹtà. Fi eruku ilẹ̀ pupa kún un, kí eruku náà pò mọ́ gírísì àtijọ́: ohun tí ó kù nínú kéébù lẹ́yìn ọdún mélòó kan kò jọ gírísì mọ́, ó ti di amọ̀.

Mẹ́káníìkì tí ó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó jókòó sídìí sítíárì pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á mọ́ ná. Ẹ jẹ́ kí n wò ó láti iwájú." Á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, á wá tú síkúrù kékeré tí ó di wáyà mú ní apá kabúrétọ̀. Ohun kan ti di méjì báyìí. Á fi ìka kan sún apá kabúrétọ̀ náà lọ sókè lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá ń lọ wẹ́rẹ́, tí sípírìnì rẹ̀ sì ń dá a padà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn kabúrétọ̀. Á wá ní kí Bàbá fa ọwọ́ ṣóòkù díẹ̀. Bí ó bá ṣì le, kéébù ni. Bí ó bá ti rọ̀, kabúrétọ̀ ni. Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò rárá, síbẹ̀ àwọn tí ń fò ó ló ń ra kéébù tuntun kí wọ́n tó mọ̀ pé kéébù kọ́ ló há.

Líle mìíràn wà tí kì í ṣe àìsàn. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ọwọ́ ṣóòkù wọn ń ní títì: wọ́n ń fà á, wọ́n ń yí i kí ó lè dúró, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á máa tì í padà láìyí i, á ní ó ti bàjẹ́. Nínú àwọn kabúrétọ̀ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ṣóòkù so mọ́ irin tí ń gbé ìṣísẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè nígbà òtútù. Bí wọn kò bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ tọ́rótù díẹ̀ kí wọ́n tó fà á, sípírìnì tọ́rótù ni wọ́n ń bá jà. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ohun tí a bá fagbára mú ní í le, ó dà bí ẹni pé irú ṣóòkù yìí ni wọ́n ń wò.

Bí ó bá jẹ́ kéébù lóòótọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú tọ ọ̀nà rẹ̀ láti dáṣíbọ́ọ̀dù dé kabúrétọ̀. Ibi mẹ́ta ló yẹ kí ojú wọn mú. Èkíní ni ibi tí ó ti gba inú irin tí ó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀; bí rọ́bà ẹnu ihò náà bá ti já, etí irin á máa jẹ awọ òde. Èkejì ni ibi tí ó sún mọ́ mánífóòdù sàlẹ́ńsà, tí ooru lè yọ́ rọ́bà rẹ̀ kí ó sì lẹ̀ mọ́ wáyà. Ẹ̀kẹta ni kílíìpù tí ó di awọ òde mú lára kabúrétọ̀. Ọwọ́ líle àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbí yìí: wọ́n á dè é títí awọ á fi tẹ̀, wáyà inú rẹ̀ á sì di ẹlẹ́wọ̀n. Títú síkúrù yẹn díẹ̀ nìkan ti wo ọ̀pọ̀ ṣóòkù sàn.

Ohun kan tún wà tí mẹ́káníìkì máa ń gbójú fò, tí ó jẹ́ pé rẹwáyà ló sábà máa ń rí i. Wáyà áàtì kan nípọn tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Bí ó bá já tàbí tí ìpẹtà bá jẹ ẹnu rẹ̀, iná ńlá tí sítátà ń fà á wá ọ̀nà mìíràn gbà padà sí bátìrì, kéébù ṣóòkù sì jẹ́ irin tí ó kan ẹ́ńjìnnì ní ìdí kan, tí ó kan ara ọkọ̀ ní ìdí kejì. Iná á gba ibẹ̀. Kéébù á gbóná, rọ́bà rẹ̀ á yọ́, wáyà inú á lẹ̀. Wọ́n á ra tuntun, òun náà á tún jóná. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá kan kéébù lẹ́yìn tí wọ́n sítáàtì ọkọ̀ tí ó sì gbóná, wáyà áàtì ni kí wọ́n lọ wò kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ lórí ohun mìíràn.

Kí wọ́n tó tú kéébù kúrò lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n yọ orí bátìrì. Wáyà iná pọ̀ níbẹ̀, irin awọ òde tí ó ti hó sì lè kan èyí tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ wáyà inú jáde pátápátá. Ìdí rẹ̀ tí síkúrù ti ń dì mú máa ń ti tẹ̀, ó sì máa ń hú ẹ̀gún. Bí wọ́n bá fà á gba inú awọ bẹ́ẹ̀, á fi ẹnu ha gbogbo ọ̀nà. Kí wọ́n fi fáìlì ra ẹ̀gún náà kúrò, tàbí kí wọ́n gé díẹ̀ bí wáyà bá ṣì gùn tó. Tí ó bá jáde tán, wáyà náà á sọ ìtàn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀: ibi tí ó pupa ni omi dúró sí, ibi tí ó ń dán ni ó ti ń ha ara rẹ̀, ibi tí ó ká kò ni ọwọ́ agbára ti kàn án. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, sáńpépà tí ó kúnná á mú un kúrò. Èyí tí ó ti jẹ wáyà wọ inú, tàbí ibi tí ó ti ká kò gidi, kò ní àtúnṣe. Kò sí bí wọ́n ṣe lè nà án kí ó tún tọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Awọ òde ni ó gba sùúrù. Wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ó ro gbẹ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gé igun ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kan, wọ́n á ki ẹnu awọ náà bọ inú igun yẹn, wọ́n á fi rọ́bà dè é pinpin kí ó lè di àrọ. Wọ́n á gbé e kọ́ sára ìṣó lára ògiri, kí ìdí kejì wà nínú agolo lórí ilẹ̀, wọ́n á wá da ọ́ìlì fẹ́lẹ́ sínú ọ̀rá náà. Ó ń wọ inú díẹ̀díẹ̀ ni, láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Èyí tí ó kọ́kọ́ kán sínú agolo á dúdú, èyí tí ó tẹ̀ lé e á ní àwọ̀ ìpẹtà. Nígbà tí èyí tí ń jáde bá mọ́ bí èyí tí wọ́n dà sí i, ó ti tó.

Ọ́ìlì wo? Èyí tí àwọn télọ̀ ń fi sí máṣíìnì ìránṣọ dára, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun náà ṣeé lò bí kò bá nípọn jù. WD-40 wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan: lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n ṣe é fún ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1953, kì í sì í dúró pẹ́ bí ọ́ìlì. Gírísì nípọn jù láti wọ inú kéébù, á sì tún máa kó eruku jọ. Epo pupa ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni ní ìlú tí ọ̀pẹ ti jẹ́ owó àti oúnjẹ, tí ilé iṣẹ́ epo ọ̀pẹ ńlá wà, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n epo pupa kì í yọ́ tán pátápátá àfi bí ooru bá ti kọjá 30 dáadáa lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, àárọ̀ ọyẹ́ ló sì ń dì jù, ìyẹn àárọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n nílò ṣóòkù. Bí ó bá pẹ́, á kan, á sì máa lẹ̀. Àdín kò sàn jù ú lọ púpọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà ní ilé ìdáná. Bí kéébù bá sì jẹ́ ti ìgbàlódé tí ike tẹ́ ẹ nínú, gbígbẹ ni kí wọ́n lò ó. Ọ́ìlì kò ṣe é láǹfààní.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, ọ̀nà tí kéébù gbà ṣe pàtàkì ju ọ́ìlì lọ. Kó má sí ìṣẹ́po tí ó mú. Kí ó yí gbẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, kí ó sì jìnnà sí mánífóòdù. Wọ́n á ti ọwọ́ ṣóòkù wọlé pátápátá, wọ́n á fà á jáde díẹ̀ bíńtín, bíi mìlímítà kan tàbí méjì, kí wọ́n tó de wáyà mọ́ apá kabúrétọ̀. Ààyè kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ó dá wọn lójú pé ṣóòkù ṣí tán nígbà tí wọ́n bá tì í. Bí wọ́n bá dè é láìfi ààyè sílẹ̀, ọwọ́ á ti wọlé lójú ẹni tí ń wakọ̀, ṣóòkù kò sì ní tíì ṣí tán nínú ẹ́ńjìnnì.

Bí ó bá jẹ́ pé kabúrétọ̀ ló há, epo àtijọ́ tí ó ti di oje lára ọ̀pá kékeré tí irin pẹlẹbẹ ń yí lé ló fà á. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ á yọ ọ́, pẹ̀lú sísún un lọ síwá sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má tú àwọn síkúrù kékeré tí ó di irin pẹlẹbẹ náà mú láìnídìí. Wọ́n ti fi òòlù tẹ ìdí wọn ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n má baà tú; èyí tí ó bá bọ́, inú ẹ́ńjìnnì ló ń já sí.

Ẹni tí kéébù rẹ̀ kò ṣeé gbà là á ránṣẹ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín fún tòkunbọ̀. Àwọn mìíràn á ra kéébù kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà nítòsí, torí ó pọ̀, ó sì wọ́pọ̀. Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wáyà wínníwínní ni, kò lè ti nǹkan padà. Bí sípírìnì apá kabúrétọ̀ kò bá lágbára tó láti dá ṣóòkù padà fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á máa sáré kiri pẹ̀lú ṣóòkù ìdajì, ẹni tí ń wà á kò sì ní mọ̀.

Èyí ni ewu tí ó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣóòkù tí kò ṣiṣẹ́ rárá á kàn mú ẹni pẹ́ ní àárọ̀ mélòó kan lọ́dún. Èyí tí ó há sí ìdajì ń jẹ owó lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù sì kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo ní ọdún 2024, kò sí ẹni tí irú ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn. Epo tí ó pọ̀ jù á tún fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, á sì ro sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde tí ó gbóòórùn bẹntiróòlù lára rẹ̀, kó pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Èéfín irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kún fún carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti dán ọkọ̀ wò, kì í ṣe inú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà dé Òde-Ìrèlè kí wọ́n sì padà, kí wọ́n jẹ́ kí ó tutù, kí wọ́n wá tú púlọ́ọ̀gì kan wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣóòkù ń ṣí tán. Láti ìgbà náà, kí wọ́n máa fà á kí wọ́n sì máa tì í padà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà. Bí púlọ́ọ̀gì bá ṣì dúdú bí èédú, tí apá kabúrétọ̀ sì ń padà sí àyè rẹ̀, kí wọ́n fi kéébù sílẹ̀: fúlóòtì inú kabúrétọ̀ tàbí asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ti dí ni kí mẹ́káníìkì lọ yẹ̀ wò.